Mo Ti Sá Sólà Rẹ Gbẹ

Èmi Bùsọ́lá, olùkọ́ tó gba yàrá iwájú nílé Bàbá Ọlálérè Òjó ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ni mo kọ lẹ́tà yìí. Ẹnu Bàbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti jáde, nítorí pé wọn kò kàwé. Wọ́n ní àwọn kò ní bá Motọ́láyọ̀ ọmọ wọn sọ ọ́ lórí fóònù, torí pé ó máa ń já lu ọ̀rọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè já lu lẹ́tà. Níbi tí wọ́n bá ti fi ohùn Èkìtì pe ‘ulé’, mo kọ ‘ilé’. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò fi tèmi kún un.

Motọ́láyọ̀ ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ ata? Olúwa tó mú ọ lọ sí òkè òkun tó sì mú ọ padà kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ̀ ní Èkó. Wàá máa lọ, wàá máa bọ̀, ibi tí o fi ilé sí ni wàá máa bá a. Kọ́kọ́ ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, torí pé ìyókù gba sùúrù díẹ̀.

Àlàáfíà ni a wà níbí. Orókún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ó ti tún ń lọ sóko, ó sì ti tún ń bá mi jà, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Kòkó ṣe dáadáa. Ewúrẹ́ onílà funfun bí ìbejì, abẹ́ ọkọ̀ oníyàrá rẹ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìyàgbẹ́ nínú ni wọ́n sì sọ di ilé, bí ẹni pé àwọn ni o gbé e wá fún.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gan-an ló mú mi jókòó ti olùkọ́. Mo rántí ohun tí o sọ. O ní bí bátìrì tó ń jí ọkọ̀ náà kò bá kú títí di Kérésìmesì, ìwọ àti àwọn ọmọ yóò wá, ẹ ó sì sùn nínú rẹ̀ bíi ti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, ó ti sú ọ nìyẹn, o máa tà á fún ọkùnrin Àkúrẹ́ tó fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kí ọkọ̀ yìí tó dé, ìgbà wo lo sùn sílé wa gbẹ̀yìn? Wàá dé lọ́sàn-án, àwọn ọmọ á lọ wo ilé ìyàgbẹ́ wa, wọ́n á wo ojú ara wọn, kí oòrùn sì tó wọ̀, ẹ ti kọjá Àkúrẹ́. Ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ jí láàárọ̀ tí mo gbọ́ ariwo ọmọ-ọmọ lágbàlá mi. Nítorí náà, má rò pé mo fi bátìrì rẹ ṣeré.

Nígbà tí o fi dígí dúdú pẹrẹsẹ tí ẹ ń pè ní sólà rán awakọ̀ sí mi, o ní kí n sá a sí oòrùn lórí ọkọ̀, kí wáyà rẹ̀ wà lára bátìrì, oòrùn á máa bọ́ ọ. Ẹ̀rín pa mí. Ṣé èmi ni wọ́n ń kọ́ ní nǹkan sísá? Bàbá mi sá kòkó, èmi náà sá kòkó, oòrùn Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ mí lórúkọ. Bí ìrì bá ti gbẹ láàárọ̀, mo ti gbé e síta. Bí òjò bá ṣú lórí òkè Olósùnta, mo ti gbé e wọlé. Bí iwájú bá sì ti rí oòrùn, màá dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ̀yìn náà lè rí tirẹ̀. Babájídé aládùúgbò wa ń kọjá lọ, ó bi mí pé, “Ọlálérè, ìgbà wo lo máa gbé e lọ sórí ìwọ̀n?”

Nígbà tí oòrùn mú gan-an, mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Mo fi ìka gbá a, ó dún kókókó. Ó ti gbẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé kòkó tó bá gbẹ jù, fífúyẹ́ ló máa ń fúyẹ́, ẹni tó sá a ló sì jẹ gbèsè. Mo bá yọ wáyà, mo wé sólà sínú àpò kòkó, mo dì í, mo gbé e sórí àjà, mo wọ́n ata gbígbẹ sí i nítorí aáyán. Mo ní bátìrì ti yó, kó sinmi.

Ṣùgbọ́n n kò pa ọkọ̀ tì o. Láràárọ̀ ni mo ń lọ kí i. Màá yí kọ́kọ́rọ́, á húkọ́, á dáhùn, màá ní o káàárọ̀, màá sì tètè pa á kí epo má baà ṣòfò. Bó ṣe ń dáhùn nìyẹn títí di ọjọ́ tó kàn ṣe kẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kò tilẹ̀ ṣe kẹ́tẹ́ mọ́. Mo jókòó sórí àga rẹ nínú ọkọ̀ náà. Babájídé yọjú lójú fèrèsé, ó ní òun mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni.

Mo ránṣẹ́ pe Sunday, réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà Emùré. Ó yẹ bátìrì wò, ó ní, “Bàbá, sólà dà?” Mo ní ó ti gbẹ, mo ti kó o sápò. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, ó sì pe ìyá rẹ kí òun náà wá gbọ́. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Sunday ní, “Bàbá, sólà kì í gbẹ. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró lásán, àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀ ṣì ń mu bátìrì, ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ máa jẹun.” Ó ní ìkíni mi gan-an ló ba nǹkan jẹ́ jù, torí pé ẹ̀kúnwọ́ ni ọkọ̀ ń bù lára bátìrì nígbà tó bá ń jí, mo sì ń pa á kó tó dá a padà. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìyá rẹ ní o sọ ọ́, pé o ní kí n fi sólà síbẹ̀ títí wàá fi dé. Mo ní kó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ó ní ta ló máa jẹ ohun tó wà níbẹ̀?

Mo wá bi Sunday bóyá bátìrì ti kú. Ó ní òun kò mọ̀, òun á gbé e lọ fún iná ní ṣọ́ọ̀bù òun, bí ó bá gbà á, ó gbà á, bí kò bá gbà á, ká pe ọkùnrin Àkúrẹ́. Ọmọ mi, ojú ọ̀nà Emùré ni mo ń wò lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó gbé e padà tó sì dè é, n kò jẹ́ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, torí pé mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń bínú sí mi. Mo ní kí ìyá rẹ yí i. Ó yí i. Ó dún, àwọn ewúrẹ́ sá jáde, Olósùnta gba ohùn rẹ̀, ó sì dá a padà fún wa. Sunday jẹ́ kó máa dún títí ara rẹ̀ fi gbóná dáadáa, ó ní bí wọ́n ṣe ń kí ọkọ̀ nìyẹn. Babájídé ní bóyá ikọ́ àìsàn ni. Mo ní kó lọ máa gbọ́ ọ láti ilé rẹ̀.

Sólà ti wà lórí ọkọ̀ báyìí, wáyà ti wà lára bátìrì. Sunday ní kó máa sun ìta. Ìyẹn ni n kò gbà. Ohun tí a bá sá kì í sun ìta, ìrì kì í ṣe oòrùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mò ń gbé e wọlé, kò sì sí réwáyà tó máa yí mi lọ́kàn padà lórí ìyẹn.

Nítorí náà, máa bọ̀ ní Kérésìmesì. N kò tíì sọ àwọn ọmọ ewúrẹ́ náà lórúkọ, mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Sunday kò gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní ìtàn tí òun gbọ́ tó òun, ṣùgbọ́n fún un ní nǹkan. Fi owó ìpara orókún ìyá rẹ kún un, àti díẹ̀ fún obì tèmi. Bí agbára bá sì wà, ra sólà kejì, kí ọ̀kan lè máa sinmi. Sọ fún ọkùnrin Àkúrẹ́ kó lọ wá ṣọ́ọ̀bù síbòmíràn.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Bátìrì rẹ kò ní kú lójú ọ̀nà. Ìwọ àti ilé rẹ yóò máa rí oòrùn jẹ lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì rò pé o ti gbẹ, tó fẹ́ kó ọ sápò, kò ní rí okùn tí yóò fi dì í.

Àmì àtàǹpàkò Ọlálérè Òjó nìyí. Gírísì ọkọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ yíǹkì.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Babájídé, aládùúgbò. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òótọ́ ni ọkọ̀ náà dún, ó sì dun òun díẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìbíwùmí, ìyàwó. Ó ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò sọ ibi tí sólà ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ òun lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Motọ́láyọ̀, tètè máa bọ̀.