Àwọ̀ Ojú Bàbá Kékeré

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹfà

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo di ìyàwó ilé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè fojú ara mi rí i: ìyàwó ilé. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Yàrá kan, ibùsùn kan, tábìlì kan, àga méjì tí ọ̀kan ń mì. Agùn ní ọba wo ló ní jù bẹ́ẹ̀ lọ? (Agùntáṣọlò ni mo sọ ọkọ mi nítorí gíga rẹ̀. Ẹnu mi ti gé e kúrú.) Iṣẹ́ òru ló ń ṣe nílé búrẹ́dì. Á wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú, á jẹun, á sùn títí di ọ̀sán. Èmi á jókòó, n ó máa wò ó. Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní ayé? Ó dùn o.

Iṣẹ́ gan-an ti dé sá. Lónìí ni Olùkọ́ fún wa ní àṣekágbá níbi tí a ti ń kọ́ fíìmù ère: fíìmù oníṣẹ́jú kan, tí a ó ya lẹ́yọ-lẹ́yọ. A ó sún ère díẹ̀, a ó ya àwòrán rẹ̀. A ó tún sún un, a ó tún yà á. Tí àwòrán gbogbo bá wá ń sáré tẹ̀ lé ara wọn, ère á máa rìn bí èèyàn. Ẹni méjì péré nínú wa ni wọ́n máa mú lọ síbi iṣẹ́ tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù àwọn ọmọdé. Ọjọ́ kọkànlélógún ni a ó kó o wá.

Mo fẹ́ ẹ. Yàtọ̀ sí Agùn, mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan báyìí rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Bàbá Kékeré ti dáyé. Wáyà nínú, amọ̀ lára, kò ga ju ife omi lọ. Ìtàn rẹ̀ rèé: ó jókòó nínú yàrá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà, ó lọ ṣílẹ̀kùn, ó rí ẹni tó ti ń retí. Ó parí. Páálí ni mo fi kọ́ ilé fún un sórí tábìlì wa, mo sì fi rọ́bà de fóònù mọ́ agolo kó lè dúró gírígírí. Ilẹ̀ ni a ó ti máa jẹun báyìí. Agùn ní kò burú, ilẹ̀ kì í mì bí àga. Ó wo Bàbá Kékeré títí, ó ní àgbàlagbà tó báyìí, ìyàwó ẹ̀ dà?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 8

Ó rẹ̀ mí. Ọrùn. Eékún. Ojú òsì ń fò. Àwòrán méjìlá ló ń lọ sí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láti àárọ̀ ni Bàbá Kékeré ti ń wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Kọ́tìnnì títì, gúlóòbù kan, ooru. Tí mo bá tẹ̀ síwájú láti sún un, mi ò ní mí, kí èémí mi má baà ti agbádá páálí rẹ̀. Olùkọ́ Sùúrù (bẹ́ẹ̀ la ń pè wọ́n lẹ́yìn) ní ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ya fíìmù èèyàn.

Síbẹ̀ orin ló ń bọ́ lẹ́nu mi. Aṣọ ìyàwó kún àpótí, ojoojúmọ́ ni mo ń yan tuntun: pupa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọ̀ sánmà lánàá, òní yẹ́lò tó ń tàn yòò. Ta ló ń gbéyàwó kó wá máa wọ àkísà? Agùn lajú, ó ní òun rò pé oòrùn ti wọlé.

Ẹtì, 9

Bàtà kejì wọ̀. Mo sùn lọ lórí àga, amọ̀ ní èékánná.

Ọjọ́ Ajé, 12

Kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Olùkọ́ ní kí kálukú mú ibi tó ti dé wá, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn án sára ògiri níkọ̀ọ̀kan. Ó kan tèmi. Bàbá Kékeré wọ bàtà, ó dìde — mo gbọ́ tí ẹnìkan ní "hẹn-ẹ́n!" lẹ́yìn mi. Inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe wo ojú rẹ̀. Ó pọ́n. Ó di àwọ̀ sánmà. Ó di yẹ́lò. Bí alágẹmọ. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀, obìnrin aránṣọ tó máa ń jókòó tì mí, rọra ní kí n tètè gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn, ibà pọ́njú ni.

Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé aṣọ wo ni mo wọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní pupa. Ọjọ́rú ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ọjọ́bọ̀, mo ti rí i fúnra mi. Iná ń tàn sára aṣọ mi, àwọ̀ aṣọ mi ń tàn sójú ère. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó mi ni wọ́n kọ́ àwọn yòókù ní ti aṣọ. Ibi tí mo ti ń jó ni ẹ̀kọ́ ti fò mí.

"Ìwọ náà wà nínú àwòrán, ìyàwó," Olùkọ́ ní. "Wọ dúdú. Kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo sunkún délé. Agùn ní òun ò tíì rí ibi tí inú dídùn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ rí, àfi lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Mo tú àpótí délẹ̀. Kò sí dúdú kankan. Ta ni yóò fún ìyàwó tuntun ní dúdú?

Agùn fa ẹ̀wù kan yọ nísàlẹ̀ àpò rẹ̀, dúdú kirikiri, alápá gígùn, ó bò mí dé orúnkún. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá òun ni òun wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Mo bi í pé ṣé kò sí nǹkan? Ó ní aṣọ laṣọ ń jẹ́. Mo wọ̀ ọ́.

Bàbá Kékeré tún jókòó. Ẹnìkan tún kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ojú rẹ̀ kò yí mọ́! Àwọ̀ kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wọ bàtà méjèèjì, ó ti gbéra. Ó rẹ̀ mí débi pé tí mo bá dijú, bàtà ni mò ń rí. Agùn bá mi sọ̀rọ̀ lánàá, mo dá a lóhùn, mi ò mọ ohun tí mo sọ. Ó ní mo ti ṣèlérí ìbejì.

N kò tíì ní ẹni tó ń bọ̀ wá kí Bàbá. Ó yẹ kí n mọ ère kejì. Ìgbà wo?

Ẹtì, 16

Ìyá ọkọ mi dé. Wọn ò sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ wá wo bí a ṣe ń gbé. Mo ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú yẹn lọ́rùn, irun rúdurùdu, amọ̀ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan ọrùn ẹ̀wù náà.

"Ìyàwó, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Màámi, iṣẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lọ ẹ̀wù yìí."

Mo gbé omi wá. Wọn ò mu ún.

Àbámẹ́ta, 17

Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn àti ọmọ wọn. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní ìyàwó tí kò tíì lo oṣù kan, tó wá ń wọ ẹ̀wù ìsìnkú káàkiri ilé ọkọ, ṣé ó mọ ohun tó ń pè? Wọ́n ní ọmọ àwọn ò tíì kú o.

Agùn wọlé wá bá mi. Ó ní ṣé n ò lè wá aṣọ mìíràn wọ̀, títí wọ́n á fi lọ. Mo ṣàlàyé: Bàbá Kékeré ti rìn dé àárín yàrá, tí mo bá pààrọ̀ ẹ̀wù báyìí, ojú rẹ̀ á tún pààrọ̀, ọjọ́ ti tán nílẹ̀. Ó ní, "Ère ṣá ni."

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ère ṣá ni.

A jẹun nílẹ̀, àwa mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Mi ò ṣiṣẹ́. Mi ò kọrin. Bàbá Kékeré dúró sí àárín yàrá, ẹsẹ̀ kan lókè.

Ọjọ́ Ajé, 19

Mo ní tó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ lójú gbogbo wa. Agùn ń sùn. Màámi jókòó sórí àga tó dúró dáadáa, wọ́n kọjú sí fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn pẹ̀lú fóònù. Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n kàn bá mi wo nǹkan.

Mo fi èyí tó bàjẹ́ hàn wọ́n, èyí tí ojú ń pọ́n tó ń dà bí alágẹmọ. Mo rò pé wọ́n á rí àléébù rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n tún fi í hàn àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní, "Èyí dáa. Ara bàbá yìí yá."

Mo fi èkejì hàn wọ́n. Èyí pẹ́ lójú wọn. Wọ́n ní èyí jọ èèyàn gidi, èèyàn tó ti rẹ̀. Wọ́n tún kọjú sí fèrèsé, wọ́n ní:

"Kì í ṣe dúdú ló bí mi nínú. Bí mo ṣe ń lọ ẹ̀wù yẹn lọ́jọ́ ìsìnkú, bàbá ọkọ rẹ ni mò ń bẹ̀ pé kó dìde. Mo rò pé ọmọ yìí ti sọ ẹ̀wù náà nù. O wá ṣílẹ̀kùn fún mi, mo rí i lára ẹni tó ń rìn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣe é tán. Èèyàn kì í fi àgbàlagbà sí ìdúró lójú ọ̀nà."

Mo padà sídìí tábìlì. Ìgbésẹ̀ kan, àwòrán kan. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ èémí wọn létí mi: wọ́n ti fa àga súnmọ́, wọ́n na ọrùn láti wò ó. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ya àwòrán. Mo wò ó nínú fóònù. Ojú Bàbá Kékeré móoru. Bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn sí lójú láàárọ̀. Gèlè Màámi ni — àwọ̀ ọsàn tó pọ́n.

Mo pa àwòrán yẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ń wo gèlè wọn. Wọ́n ní, "Kí ló dé, ó wọ́ ni?"

Mo ní Màámi, mo fẹ́ tọrọ nǹkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Bàbá Kékeré dé ẹnu ọ̀nà. Màámi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn páálí, ní ìlòṣòó, gèlè nínà láàárín ọwọ́ méjèèjì, kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn sójú bàbá. Àwòrán kan, wọ́n á sún un wá ní ìwọ̀n èékánná. Àwòrán kan, èékánná kan. Wọ́n ní ọwọ́ ń ro wọ́n. Mo ní ó ku díẹ̀. Wọ́n ní "díẹ̀" mi yìí gùn ju ọmọ àwọn lọ. Mo fún wọn ní ìsinmi, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, ṣé kí bàbá náà tún dúró ni?

Agùn jí, ó rí ìyá rẹ̀ láìwégèlè nídìí tábìlì. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti wá bèèrè. Àwa méjèèjì ní "Má mi ilẹ̀!" lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ padà sórí ibùsùn bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Ó tán. Mi ò lè na ẹ̀yìn. Màámi ò lè na orúnkún. Agùn ló fà wá dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n má bínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní mo ti gbàgbé. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ń gbìyànjú.

Ọjọ́rú, 21

Mo ti fà á lé Olùkọ́ lọ́wọ́.

Màámi padà sílé lọ́sàn-án. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ẹ̀wù yẹn. Mo ti fọ̀ ọ́. Àwọn fúnra wọn ló lọ̀ ọ́, mi ò wo ojú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ká a sínú àpò. Wọ́n ní dúdú mìíràn ń bọ̀ fún mi, tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ rí. Títí wọ́n fi wọkọ̀, wọn ò tíì pe iṣẹ́ mi ní iṣẹ́. "Eré rẹ yẹn," ni wọ́n ń pè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo sùn láti ìrọ̀lẹ́.

Ẹtì, 23

Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sí ara ògiri. Tèmi ló ṣìkejì sí ìkẹyìn. Bàbá Kékeré wọ bàtà, ó rìn, ó ṣílẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń mọ́, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi parí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ bi mí pé àlejò náà dà. Mo ní mi ò rí àyè mọ ọ́n. Wọ́n ní ó dáa tí n ò ráyè.

Èmi àti Télọ̀. Àwa ni wọ́n mú! Télọ̀ gbá mi mọ́ra, abẹ́rẹ́ àyà rẹ̀ gún mi, mi ò bìkítà.

Ìgbà tí ara rọlẹ̀ ni wọ́n tó sọ àkókò fún wa. Láti àfẹ̀mọ́jú títí di àṣálẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo dúró lójú pópó, mo rò ó. Agùn á wọlé, mo ti jáde. Èmi á wọlé, ó ti jáde. Bóyá a ó máa júwọ́ síra wa láti inú ọkọ̀.

Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ láti pariwo ayọ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo wọlé jẹ́jẹ́. Ó ń múra iṣẹ́. Ó wo ojú mi, ó ní, "Wọn ò mú ẹ?"

Mo ní wọ́n mú mi. Mo sọ àkókò rẹ̀ fún un.

Ó jókòó sí etí ibùsùn. Mo ń retí kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì pé ère ṣá ni. Ká ní ó sọ ọ́ ni, mi ò mọ ohun tí n bá ṣe. Mo mọ̀ pé n ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?" ó ní.

Mo ní ọjọ́ Àìkú ṣófo.

"Ó dáa. Ọjọ́ Àìkú ni n ó máa gbé ẹ níyàwó."

Mo ní mo gbà. Ó di bọ́tìnnì rẹ̀ tán, ó lọ síbi iṣẹ́.