Ẹkún Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án
Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀. Oòrùn yọ díẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì tún fara pamọ́.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi, mú ìyá rẹ̀ wá kí n bá a wọ́ èjìká. Èjìká ọ̀tún ni. Kò ṣe é gbé sókè láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá, ọkọ rẹ̀. N kò tíì rí Ìyá láti ọjọ́ ìsìnkú náà. Ó ti rù. Síbẹ̀, bí ó ti wọlé, ó yẹ yàrá iṣẹ́ mi wò gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń yẹ yàrá wa wò nígbà tí èmi àti Abẹ́rẹ́ jọ ń gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga: aṣọ fèrèsé, ìgò òróró, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ó mọ́. Ẹnì kan nínú yín gbọ́ ọ̀rọ̀ mi nígbà náà." Abẹ́rẹ́ ní òun mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí ọwọ́ mi dé abẹ́ egungun èjìká, omijé bọ́ lójú Ìyá. Kò pariwo. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: ẹ pẹ̀lẹ́, Mà, ó tó, ẹ má sunkún mọ́, Bàbá ti lọ sinmi. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Èjìká náà sì le ju bí ó ti wà lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje
Ooru. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá.

Ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ṣètò bẹ̀rẹ̀: bí àwa tí à ń fi ọwọ́ tọ́jú ara ṣe lè gbọ́ oníbàárà tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Obìnrin ni olùkọ́ náà. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbé ọmọ sùn lọ — mo ti sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nínú ìwé yìí. Ó pín wa ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan sọ ohun tó ń dùn ún. Kí èkejì má gbà á nímọ̀ràn, kí ó má gbàdúrà fún un, kí ó má sọ pé ó tó.

Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n pín mi mọ́. (Yàrá rẹ̀ ló kángun sí tèmi, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ fún àwọn tirẹ̀.) Ó béèrè pé, "Láìgbàdúrà? Kí ni kí n wá fi ẹnu ṣe?" Jẹ́jẹ́ ní kí ó jẹ́ kó sinmi. A rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n mo rántí kíláàsì ṣọ́tìháǹdì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí a ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì kéékèèké kọ ọ̀rọ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu. Pẹ́ńsù mi, tó máa ń mú ṣóńṣó. Ohùn olùkọ́ níwájú, àwa lẹ́yìn rẹ̀, à ń tẹ̀ lé e bí aláàárù ti ń tẹ̀ lé ẹni tó ni ẹrù. Kò sẹ́ni tó bi wá ní èrò wa. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo kọ́ níbẹ̀, òun ni mo mọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí Abẹ́rẹ́ fi ń pè mí ní Akọ̀wé títí di òní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá
Kùrukùru.

Ó yẹ kí n kọ eléyìí dáadáa.

Ìyá sunkún lónìí náà. N kò sọ nǹkan kan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé èjìká náà, mo sì dúró. Ó pẹ́ kí ó tó ní, "Ilé yẹn ti dákẹ́ jù." Mo dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un gẹ́gẹ́ bí Jẹ́jẹ́ ti kọ́ wa: ó dákẹ́ jù. Bí ìgbà tí a ṣí omi ẹ̀rọ ni. Ó ní Bàbá máa ń súfèé lẹ́yìnkùlé nígbà tó bá ń fi kẹ́rósìnì fọ tàdáwà kúrò ní ìka — iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Bàbá ṣe títí ojú fi kọ̀ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń súfèé mọ́. Bí òun bá sì dárúkọ rẹ̀, Abẹ́rẹ́ á ní, Màmá, ẹ jẹun. Màmá, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ṣé oúnjẹ ni mo sọ pé mò ń wá?" Mo sì ń gbọ́ bí iṣan náà ti ń dẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ó wá dé orí àgékù bébà.

Bàbá kì í da àgékù bébà nù. Aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ sánmà, pupa rúsúrúsú. Ó máa ń fi òwú dì wọ́n, á sì gbé wọn wá fún wa ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kí a má baà ra ìwé. Ìyá kò tíì sọ ìdajì rẹ̀ tí mo fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà rántí, Mà. Mo sọ ti òwú. Mo sọ ti fìlà rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sọ bí ó ṣe máa ń pè mí ní àbúrò rẹ̀ kí àwọn ọmọkùnrin lè bẹ̀rù mi. Ohùn mi yí padà. N kò mọ ìgbà tó yí.

Nígbà tí mo wojú Ìyá, ó ti nu ojú rẹ̀ nù. Ó ti dìde jókòó. Ó di ọwọ́ mi tó kún fún òróró mú, ó sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó tó."

Èjìká ti padà di igi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá
Òórùn kẹ́rósìnì ní imú mi láti àárọ̀. Kò sí kẹ́rósìnì nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá
Oòrùn.

Abẹ́rẹ́ pè. Kò kí mi. Ó ní ojú ìyá òun pọ́n dé ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. "Akọ̀wé, èjìká ni mo ní kí o bá mi wọ́, n kò ní kí o wọ́ omi jáde lójú ẹ̀. Ṣé o kò mọ̀ pé obìnrin yẹn ní ẹ̀jẹ̀ ríru?" Mo ní mo mọ̀, mo ní a wọn ẹ̀jẹ̀ náà kí ó tó dùbúlẹ̀. Ó béèrè ohun tí Ìyá sọ. Mo ní ohun tí a bá sọ lórí bẹ́ẹ̀dì kì í bá ẹnikẹ́ni jáde ní yàrá.

Ó ní, "Èmi? Èmi tí o wọ bàtà mi lọ ṣe ìdánwò?"

Mo ní kí ó bi ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní bí òun bá bi í, òun náà á bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò wá gbé ẹnì kejì dìde? Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá
Òjò fi agbára rọ̀ sórí páànù. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ara wa.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ láìsọ ẹni tí ó kàn. Jẹ́jẹ́ kò bá mi wí. Ó kàn béèrè: lọ́jọ́ náà, ta ló ń sunkún nínú yàrá yín? Mo ní oníbàárà ni. Ó dúró. Ó dúró títí ara fi ń ni mí. Mo ní, àwa méjèèjì. Ẹlẹ́sẹ̀ gbé ojú sókè, ó ń wo àjà.

Jẹ́jẹ́ ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ẹni tí odò ń gbé lọ kò lè fa ẹlòmíràn jáde, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Ìyá nìkan ló wá. Mo pa ẹnu mọ́. Òun náà pa á mọ́. Gbogbo ìgbà ló ń yíjú wò mí: "Ara rẹ le?" Nígbà tí mo ní kò sí ohun tí kò lè sọ fún mi, ó mi orí. "N kò fẹ́ tún pa ọ́ lẹ́kún." Ó bi mí ní iye tí wọ́n ń ta aṣọ fèrèsé.

Ní ilé, wọ́n ní kí ó jẹun. Níbí, ó ń ṣọ́ ojú mi. Kò wá sí ibi kankan láyé tí ó ti lè sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún
Afẹ́fẹ́ tútù, ọ̀run mọ́ kedere.

Mo sọ fún Ẹlẹ́sẹ̀ pé Ìyá kò lè sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé wọn fún mi. N kò mọ Bàbá, n kò jẹ oúnjẹ wọn rí. Ẹsẹ̀ ló sì jìnnà sí ẹnu jù lára èèyàn. Bí mo bá ti ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbàgbé pé mo wà níbẹ̀." Ó kọ́ iṣẹ́ èjìká pẹ̀lú. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó sì ti kọ́ láti jẹ́ kí ẹnu sinmi ju bí mo ti rò lọ.

Inú mi kò dùn sí i. Kí n má purọ́ fún ìwé. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni mo tún ń gbọ́ ohùn tó ń pe orúkọ Bàbá. N óò wá fi ọwọ́ ara mi gbé e fún yàrá kejì, kí n sì máa gbọ́ ìró rẹ̀ gba ara ògiri.

Ṣùgbọ́n n kò sunkún níbi ìsìnkú. Àwo ni mo ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn èèyàn sì ń yìn mí pé mo ṣe ọkàn gírí.

Mo ti pinnu. Lọ́la, kí n tó ṣí yàrá, n óò sọ fún Ìyá pé Ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. N óò pe Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú. N óò sọ fún un pé mò ń bọ̀ nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú, láìmú òróró dání, àti pé èmi àti ìyá rẹ̀ yóò jókòó sọ̀rọ̀ Bàbá títí yóò fi tán lẹ́nu wa. Bí ó bá fẹ́, kí ó bá wa jókòó. Bí ó bá bínú, kí ó bínú. Ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. N kò ní ọ̀rẹ́ méjì.

N kò tíì pe ẹnikẹ́ni. Mo ti ń wá bí n óò ṣe sọ ọ́ fún Ìyá láti ìrọ̀lẹ́: pé n kò lè jẹ́ oníṣẹ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ni mí.