Alhaji Ṣàmsúdéènì Akínbọ̀wálé àti Ọsàn Ẹrúwà

Ní Ẹrúwà ni wọ́n ti bí bàbá wa, Alhaji Ṣàmsúdéènì Akínbọ̀wálé, lọ́dún 1951. Ọmọ Àlùfáà Làtíìfù àti Ìyá Àpèkẹ́ ni wọ́n. Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọsàn ni wọ́n yàn láàyò: wọ́n á kọ́kọ́ gbin igi kan fún gbòǹgbò, wọ́n á wá lẹ ọsàn mímu mọ́ ọn lórí, méjèèjì á di igi kan ṣoṣo.

Lọ́dún 1978, wọ́n gbé màmá wa, Alhaja Hàlímọ̀tù, níyàwó.

Ohun tó kàn yìí, Bàbá fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́. Ojú ń tì wá bí a ti ń kọ ọ́.

Lọ́dún 1984, àwọn àgbẹ̀ Ẹrúwà bẹ Bàbá pé kí wọ́n pèsè ọsàn tó ní gbòǹgbò tanjaríìnì fún àwọn. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í tètè dàgbà, ṣùgbọ́n ọsàn rẹ̀ máa ń dùn. Òjò ti fẹ́ dé, tanjaríìnì tí Bàbá gbìn ò sì tíì tó í lẹ. Bàbá bá lo gbòǹgbò lẹ́mọ́ọ̀nù tó máa ń yára dàgbà, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Igi náà ga kíákíá, gbogbo ìlú ń yin Bàbá. Ìgbà tó so, èèpo rẹ̀ nípọn, omi rẹ̀ ò dùn. Àwọn oníbàárà láti Èkó tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù, wọ́n wọ mọ́tò wọn lọ.

Bàbá Babátúnjí, ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, gé gbogbo igi ọsàn tiwọn lulẹ̀.

"Ilẹ̀ mi ló burú," ni wọ́n ń wí.

Bàbá wa dúró tì wọ́n níbẹ̀, wọn ò fọhùn.

Bàbá wa dé Peckham ní London lọ́dún 1990. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ti ibùsùn àwọn aláìsàn ní ọsibítù, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n ní olóòótọ́, ṣe ni wọ́n máa ń wolẹ̀.

Lọ́dún 2019, Nímọ́tà, àkọ́bí wọn, bó ọsàn fún wọn ní kíṣínì. "Dádì, ẹ tọ́ ọ wò, ó sweet gan-an."

Bàbá bú sẹ́kún, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ pè wọ́n now, Dádì. Please."

Wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn níṣojú rẹ̀. "Babátúnjí, ilẹ̀ rẹ ò burú. Gbòǹgbò tí mo fún ọ ni. Mo tàn ọ́ jẹ."

Bàbá Babátúnjí ní, "Ṣàmsú, torí ilẹ̀ yẹn ni mo ṣe ní kí Káyọ̀ ọmọ mi wá iṣẹ́ míì lọ." Wọ́n pa fóònù. Wọn ò gbé ìpè Bàbá mọ́ títí Bàbá fi jáde láyé lọ́dún 2024.

Níbi ìsìnkú, Káyọ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Brixton báyìí, wá bá wa. "Dádì mi ní kí n wá bá àwọn bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bù ú. A ò lè wò ó lójú.

Bàbá fi Alhaja Hàlímọ̀tù sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Nímọ́tà, Basit àti Yéwándé, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Waris àti Tèmi.

Bàbá, a ń bá yín tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn ará Ẹrúwà. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ máa sinmi, Dádì.