"Ó Dára" Tí Bàbá Àpòmù Kọ

Ìkirè, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Láàárọ̀ ni mo fi ìwé ìròyìn ayò àti dráfù tí mò ń ṣe ránṣẹ́ sí gúrúpù wa lórí Wásáàpù, mo ní kí àwọn òǹkàwé sọ bí wọ́n ṣe rí i. Àwọn kan kọ "ó dára". Ará Gbọ̀ngán kan ní lẹ́tà rẹ̀ ṣe wínníwínní bí èèrà. Ẹlòmíràn ní ó wúwo, ó jẹ dátà òun tán. Inú bí mi. Ta ló ní kí wọ́n máa fi fóònù kékeré kàwé?

Ṣùgbọ́n Bàbá Àpòmù, tó kọ́ mi láyò, ló kó mi lọ́kàn sókè. "Ó dára, ọmọ mi" nìkan ni wọ́n kọ. Bàbá tí kì í yin ẹnikẹ́ni nídìí ọpọ́n! Òpè ni wọ́n ń pè mí títí di ọjọ́ tí mo pa wọ́n láyò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti sú wọn ni wọ́n máa ń sọ "ó dára" fún.

Mo pè wọ́n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ayò tí mo yà sójú ewé kejì yẹn, báwo lẹ ṣe máa ta á?"

"Ṣé ayò wà nínú ẹ̀ ni?"

"Àbí ẹ ò kà á ni, bàbá?"

"Fóònù mi ò ṣí i. Mi ò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́ ni."

Nítorí tiwọn ni mo ṣe ya àwòrán ọpọ́n yẹn gan-an...

Àwọn tó bú mi, ó kéré tán, wọ́n rí i ṣí. Àwọn yòókù tó kọ "ó dára" ńkọ́? Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè bi wọ́n.