Ẹkún Ìyàwó Àjíkẹ́ Tí Kò Ju Èémí Kan Lọ

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Lálúpọn,
lọ́nà Ìwó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Bélú, 1913.

Hàjàrá mi, ọ̀rẹ́ àtàárọ̀ mi,

Ṣé o wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun láìdi ògiri mú? Gbogbo ará Akínyẹlé ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Àwa náà wà, a ò ṣàìsàn, àfi eyín mi kan tó tún fi mí sílẹ̀ lọ. Olúfúnmi ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ̀wé. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde, títí kan ẹ̀rín. Ó ní ẹ̀rín ò ṣeé kọ. Kí ìwọ fúnra rẹ máa rín in níbi tó bá yẹ.

Hàjàrá, ìyàwó ti lọ! Àjíkẹ́ ti wà nílé ọkọ! Ijó ni mò ń jó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

O mọ̀ pé Fárìndé àkọ́bí mi ló bí Àjíkẹ́, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rákòrò. O sì mọ̀ pé ọmọ tó bá ń lọ ilé ọkọ gbọ́dọ̀ sun ẹkún ìyàwó níwájú bàbá rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dágbére. Ìwọ àti èmi sun tiwa títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sẹ́ni tó lè pa wá lẹ́nu mọ́! Àjíkẹ́ ò rí i sun. Mo kọ́ ọ, kọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀, àmọ́ tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ ìyá, kò ní lè kọjá ibẹ̀. Fáwùnmí, ìyàwó ilé wa aláròyé yẹn, wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó odi! Ṣé ká bá ẹ yá ẹnu ni?" Ọmọ bá ní òun ò lọ mọ́. Ó ní bí òun ò bá lè kí bàbá òun bó ṣe yẹ, òun á kúkú jókòó tì wọ́n. Àwọn àna sì ti pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sílẹ̀!

Àfi bí Olúyínká, àbúrò Fárìndé tó ń bá ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ṣiṣẹ́, ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè. Ó ní òun bá ọkùnrin ará Jàpáànù kan gbé yàrá ní èbúté òyìnbó. Sákúmà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì ni. Omi ya wọ oko bàbá rẹ̀, ó gbé gbogbo ẹ̀ lọ, ló bá di alásè nínú ọkọ̀. Àmọ́ akéwì ni o! Tó bá ti gbé ìkòkò kaná báyìí, á ké ewì kan, á kọ ọ́ sára bébà tí wọ́n fi di ẹja, á fi ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn lọ́hùn-ún, tọmọdé tàgbà á sì kọ́ ọ sórí.

A ní kó ké ọ̀kan fún wa. Agboolé pé. Mo tẹ́ ẹní, mo gbé obì kalẹ̀, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ń kéwì, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀ ni. Fárìndé pàápàá ti fẹ̀yìn ti ògiri. Olúyínká wúkọ́, ó ní:

"Ẹ̀fọn kan bá mi wọkọ̀;
àwa méjèèjì
ò mọ ibi tá à ń lọ."

Ló bá dákẹ́. À ń wò ó, ó ń wò wá. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, máa bá a lọ." Ó ní, "Ó ti parí, Ìyá." Fáwùnmí figbe ta: "Parí báwo? Mi ò tíì jókòó dáadáa!" Hàjàrá, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá! Olúyínká ní bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ṣe ń rí, kì í ju èémí kan lọ. Sákúmà ní ẹni tó gbọ́ ni yóò parí ìyókù nínú ara rẹ̀.

A ò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà! Gbogbo ilé di akéwì. Èmi náà ké tèmi: "Eyín mi bọ́ sínú ẹ̀wà, mo wá a títí, àṣé mo ti gbé e mì." Àjíkẹ́ nìkan ni kò ké nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ kàn ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ààrò.

Ọjọ́ ìyàwó pé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin yí wọn ká, Fáwùnmí ti ń yínmú. Ọmọ náà mí, ó ní:

"Òjò ń rọ̀ sínú ìkòkò ìyá mi;
bàbá,
ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e síta."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, Hàjàrá. Láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti kú, tójò bá ti ṣú, Fárìndé á dá gbé ìkòkò ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Fárìndé gbọ́wọ́ lé e lórí kó wúre. Omijé ń dà lójú ọkùnrin gìrìpá! Ó ní, "Máa lọ, ìyá mi. O ti kí mi." Fáwùnmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, òun náà ló sì kọ́kọ́ dá orin ìyàwó sílẹ̀. Bí a ṣe gbé Àjíkẹ́ jáde nìyẹn, pẹ̀lú ariwo àti ijó, tí gèlè fi já bọ́ lórí mi lójú ọ̀nà tí mi ò yíjú wò ó.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí Yésúfù, kí o sì kí Mùjíbátù kú ewu ọmọ. Wá wò mí kí ọdún tó parí, ìwọ ni mo fẹ́ jó ìyókù ijó yìí pẹ̀lú.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́nu kì í rẹ̀,
Ìbídùnní.