Sáfà Mùsílíù Tí Kì Í Tọ́jú Nǹkan

Alàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbí

Inú ń bí mi. Sìdíkátù, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Mùsílíù ọmọ mi ra sáfà mẹ́ta, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá kan, sí yàrá iwájú. Ó ní ọ̀kan lè ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni, kí àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà máa pín in lò. Ṣùgbọ́n wọn kì í tọ́jú nǹkan kan sínú. Inú ẹ̀rọ ìpamọ́ Ràṣídì àbúrò rẹ̀, ní Oníkàn, ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Àwọn méjèèjì wá ń jà lórí ẹni tí yóò ni yàrá tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Lónìí, Ràṣídì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Sáfà ń kùn lásán, àwọn oníbàárà kún àgbàlá.

"Màámi, ẹ bá mi pè é."

"Ìwọ ò lẹ́nu?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó wo nílé yìí ni àmù rẹ̀ wà ní yàrá orogún, tí yóò tún máa bú orogún?

Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá wọn lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún Ràṣídì. Ràṣídì ti tan ẹ̀rọ padà.

Mùsílíù ń fajú ro sí mi. Kó máa fà á ro. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ìkòkò, ebi á bá a sọ̀rọ̀.