Tóyìn Wá Júwe Ọ̀nà

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Èmi àti Mùtíù ọkọ mi fẹ́ gun ọ̀kadà rẹ̀ gba ọ̀nà eléruku láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé etí ọ̀sà ní Ìwòpin. Lónìí ló pe Tóyìn, obìnrin tí wọ́n jọ kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, kó wá júwe ọ̀nà. Nígbà tó dé, wọ́n forí korí wo máàpù lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń gbé omi wá bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Mo bi Tóyìn bóyá òun náà ń bọ̀.

"Rárá o, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá dé afárá onígi, ẹ máa bá Mùtíù sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi kọjá. Ẹ̀rù afárá máa ń bà á."

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí mo ti fẹ́ Mùtíù, kò sọ ọ́ fún mi rí. Tóyìn ló sọ ọ́ fún.